Àká Tó Ṣófo ní Òsì

Wọ́n tan kọ̀ǹpútà, wọ́n ṣí ìkànnì ẹ̀kọ́, wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ní Ilé Ẹ̀kọ́ Girama Ìrètí-Ayọ̀ ní ìlú Òsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àṣekágbá ló kọ́kọ́ rí i. Orúkọ àwọn ìlú ṣì tò sójú ìkànnì náà bó ṣe máa ń wà: Òsì, Ìlọ́fà, Erúkù, Ìsòlò-Ọ̀pin. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí wọ́n bá tẹ̀, èsì kan náà ló ń yọ: ojú ewé yìí kò sí mọ́. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ti lọ. Ìṣirò ti lọ. Àwòrán, ìbéèrè, ohùn olùkọ́ tó ń ṣàlàyé, gbogbo rẹ̀ ti lọ, ìdánwò àṣekágbá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Kí oòrùn tó mú, àwọn òbí ti kún iwájú ọ́fíìsì. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí iṣẹ́ oko bá le, àwọn ọmọ wọn kì í rí ilé ìwé wá, ìkànnì yìí ló sì ń bá wọn dí àlàfo náà. Lọ́jọ́ ọjà, àwọn ìyá á gbé fóònù lọ sí Ìlọ́fà, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dúró dáadáa. Wọ́n á gba ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà sórí rẹ̀, wọ́n á sì gbé e lọ bá ọmọ nínú oko. Ní báyìí, ohun tí wọ́n ń gbà kò sí mọ́.

Keziah, tí gbogbo ìlú ń pè ní Yèyé Fikáyọ̀, ni ohùn rẹ̀ ròkè jù. Fikáyọ̀ ọmọ rẹ̀ ti jókòó ìdánwò náà lọ́dún tó kọjá, kò yege. Ọdún yìí ni ọmọ náà fi ń ṣe ìgbìyànjú ìkẹyìn kí bàbá rẹ̀ tó fi í sẹ́nu iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ.

"Níbo ni Leah wà?" ó ń kígbe. "Ẹ ní kó jáde! Ṣé òun ò bímọ ni?"

Leah jáde láti yàrá kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ ti wú. Òun ni olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Òun ló kọ gbogbo ẹ̀kọ́ tó wà lórí ìkànnì náà, tó sì tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò tíì la ẹnu tí Keziah fi da omi tútù inú kẹ́tùlù ọwọ́ rẹ̀ sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ọ̀dàlẹ̀! Nítorí pé wọn ò fi ọ́ joyè, o wá ba ayé ọmọ wa jẹ́!"

Ọ̀gá àgbà ilé ìwé, Alàgbà Adégbóyèga, ló ti kéde ọ̀rọ̀ náà fún wọn láti àárọ̀. Páásíwọ́ọ̀dù Leah ni wọ́n fi wọlé pa gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ́. Wọ́n sì rántí pé lóṣù tó kọjá, nígbà tí wọ́n fi Ọ̀gbẹ́ni Ìbítóyè ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà lé Leah lórí, Leah dìde nínú ìpàdé àwọn olùkọ́, ó ní, "Ẹ ó rí bí ilé ìwé yìí ṣe máa rí lọ́jọ́ tí mo bá kó iṣẹ́ ọwọ́ mi kúrò." Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. Ọ̀gá àgbà ti ní kó má wọ kíláàsì mọ́. Bí ọlọ́pàá bá parí iṣẹ́ wọn, ilé ẹjọ́ ló kàn.

Orí ọ̀kadà ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Salamot Dáúdà gbà dé, pẹ̀lú Kọ́púrà Prosper lẹ́yìn rẹ̀ lórí ọ̀kadà kejì. Obìnrin gíga ni Salamot, kì í yára sọ̀rọ̀, kì í sì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Nǹkan kan wà tó máa ń bí i nínú ju olè lọ. Òun náà ni kí àwọn èèyàn dá ẹjọ́ tán kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá.

Ó wo Leah tí omi ń kán lára rẹ̀.

"Ta ló da omi sí obìnrin yìí lára?"

Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn.

"Mo ní ta ni?"

"Èmi ni," Keziah wí. "Ẹ wá tì mí mọ́lé."

"Mi ò tíì fẹ́ tì yín mọ́ ibì kankan, Mọ́mì. Ẹ ṣáà jókòó síbi tí mo ti máa rí yín. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fọwọ́ kàn án, ẹ̀wọ̀n tí ẹ ń pe orúkọ rẹ̀ láti àárọ̀, onítọ̀hún ló máa kọ́kọ́ lọ."

Ó mú Leah wọ yàrá kọ̀ǹpútà, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ ṣàlàyé bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ fún mi. Ẹ má rò pé mo mọ nǹkan kan."

Leah nu ojú. Ó fa àga sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà.

"Àkọ́kọ́, ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ibì kan ṣoṣo ló wà. Fódà kan ni mo ń kó gbogbo wọn sí. Àká ni mo sọ ọ́. Àwọn orúkọ ìlú tí ẹ rí yìí, kò sí ẹ̀kọ́ kankan nínú wọn. Wọ́n kàn ń nawọ́ sí ohun tó wà nínú Àká ni. Tí mo bá tún nǹkan ṣe nínú Àká, Erúkù rí i, Ìsòlò rí i, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ṣiṣẹ́."

"Tí ẹnì kan bá pa fódà Erúkù rẹ́ ńkọ́?"

"Erúkù nìkan ló máa pàdánù, iṣẹ́ kékeré sì ni kí n tún un nà. Ẹni tó ṣe èyí ò fọwọ́ kan ìlú kankan, Àká ló lọ bá tààrà. Ohun tí wọ́n bá sì pa rẹ́, inú garawa ìdọ̀tí ìkànnì ló ń lọ ná, èèyàn ṣì lè kó o padà. Ó lọ da garawa náà nù pẹ̀lú."

"Ó mọ ilé yẹn dáadáa nìyẹn."

"Bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n, mà." Leah fún etí aṣọ rẹ̀ tó tutù. "Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ń kó bá mi."

"Ẹ ò ní ẹ̀dà?"

"Orí ìkànnì náà gan-an ni mo ti ń kọ wọ́n. Fóònù tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀ ti bàjẹ́. Mo máa ń sọ pé n ó ṣe ẹ̀dà. Mo máa ń sọ ọ́."

"Báwo lẹ ṣe tò wọ́n nínú Àká? Sáyẹ́ǹsì lọ́tọ̀, ìṣirò lọ́tọ̀?"

"Rárá, mà. Mo pa wọ́n pọ̀ ni. Bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀lé iṣẹ́ ni mo ṣe tò wọ́n."

Salamot ò bi í léèrè irú iṣẹ́ tó ń wí. Ìbéèrè mìíràn ló wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló tún mọ páásíwọ́ọ̀dù yín?"

Leah wolẹ̀. "Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta, mà. Ẹ bi ọ̀gá àgbà."

Nínú ọ́fíìsì rẹ̀, Alàgbà Adégbóyèga ń fi aṣọ ìnujú nu ọrùn. Àgbàlagbà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì ni, ó sì fẹ́ kí gbogbo nǹkan parí wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ìnsípẹ́kítọ̀, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ọmọ yẹn bínú ni, ó fi ìbínú ṣe é. Ẹ bá wa gba ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ lẹ́nu rẹ̀."

"Ta ló tún mọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, sà?"

"Páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ ni, tirẹ̀ nìkan."

"Ṣé ẹ lè fi Bíbélì tó wà níwájú yín yẹn búra?"

Alàgbà náà wo Bíbélì, ó sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Ó dáa. Èmi ni mo ní kí gbogbo olùkọ́ fi páásíwọ́ọ̀dù wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ igbákejì mi. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn ńkọ́? Bí wọ́n bá gbé e lọ sí ìlú mìíràn ńkọ́? Mo rò pé ọgbọ́n ni."

Salamot dìde. Ohùn rẹ̀ ò ròkè, ṣùgbọ́n Prosper tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sún sẹ́yìn.

"Láti àárọ̀ lẹ ti ń sọ fún ogunlọ́gọ̀ èèyàn pé páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ló ṣe é. Ẹ mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n da omi sí i lára. Ẹ jókòó síbí, ẹ ń nu ọrùn."

"Mi ò fẹ́ kí orúkọ ilé ìwé..."

"Orúkọ Leah ńkọ́, sà? Ṣé orúkọ kọ́ nìyẹn?"

Ọ̀gbẹ́ni Ìbítóyè ò bẹ̀rù wọn rárá. Ó ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, ó ti ní kí wọ́n gbé àga wá, ó sì ti ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀ fún àlejò. Ìlú Ìlọrin ló ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà wálé. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń dán.

"Òótọ́ ni, mà, gbogbo páásíwọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ mi. Inú àpótí tó ní àgádágodo ni mo kó wọn sí. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi ìkànnì Leah ṣe? Ká sọ òótọ́, iṣẹ́ ìbílẹ̀ ni. Èdè Ọ̀pin, èdè àdúgbò wa níbí, ló fi ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ta ló máa lo ìyẹn ní Ọ̀fà? Ta ló máa lò ó ní Ìlọrin?"

"Àwọn ọmọ tó wà níbí ń lò ó."

"Wọ́n ń lò ó kó tó pa á rẹ́. Ẹ̀mí ìlara, mà, nǹkan burúkú ni." Ó mi orí. "Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo ń fọ́nnu, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti pèsè ọ̀nà mìíràn. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ ẹ̀kọ́ tèmi jẹ́ẹ́jẹ́. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tò ó tán. Lọ́jọ́ Fúráìdè, mo máa fà á lé àwọn òbí lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn. Ọ̀gá ẹ̀kọ́ máa wá láti Ararọ̀mí-Ọ̀pin láti wò ó. Bó bá wù wọ́n, gbogbo ilé ìwé ìjọba ìbílẹ̀ ló máa lò ó."

"Pẹ̀lú orúkọ yín lórí rẹ̀."

"Ta ni kí n fi orúkọ ẹ̀ síbẹ̀, mà?" Ó rẹ́rìn-ín.

Salamot ní kó fi hàn òun. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà alágbèéká Ìbítóyè, ó ń ka ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn òmíràn. Ìkànnì náà mọ́, ó gún régé. Sáà kìíní, sáà kejì, sáà kẹta. Kò sí ohùn ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, kìkì ọ̀rọ̀ àti àwòrán. Ó ka ẹ̀kọ́ nípa bí omi ṣe ń gbẹ, ó tẹ èyí tó kàn, ẹ̀kọ́ nípa ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ó padà sí ti ìṣáájú, ó tún un kà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìbítóyè, ó sì jáde láìfọwọ́ kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá Keziah lọ sí ọjà Ìlọ́fà. Keziah ò fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

"Ṣé tèmi lẹ wá ń wádìí báyìí? Èmi ni mo pa á rẹ́?"

"Ìgbà wo lẹ gba ẹ̀kọ́ kẹ́yìn?"

"Lọ́jà tó kọjá, bí ìyẹn náà bá ṣeé pè ní gbígbà. Mo dúró títí orí ń fọ́ mi. Gbogbo wa la dúró. Ó kàn ń yí po lójú fóònù, ó ń yí, ó ń yí. Fikáyọ̀ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kẹ̀? Àwọn tó ń wo fíìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń wò ó kedere!"

"Ìkànnì ẹ̀kọ́ nìkan ni kò ṣí?"

"Òun nìkan. Títí a fi palẹ̀ ọjà mọ́."

Ṣọ́ọ̀bù Waliyullah, tó ń tún fóònù ṣe ní Òsì, ni Salamot gbà lọ láti ibẹ̀. Waliyullah ló gbé ìkànnì náà dúró fún ilé ìwé, ó sì fẹ́ràn kó máa ṣàlàyé.

"Ẹ wò ó, Àńtí. Ìkànnì wa ò tóbi. Bí páìpù omi tín-ín-rín ló rí. Bí àwọn ìyá bá ń gba ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ó máa ká wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní kí ìkànnì di gbogbo ẹrù rẹ̀ pọ̀ sínú ìdì kan, ohùn, àwòrán, gbogbo ẹ̀, kó sì máa fà á jáde lẹ́ẹ̀kan náà, páìpù ti kún nìyẹn. Gbogbo àwọn tó kù á máa wo kẹ̀kẹ́ tó ń yí."

"Ta ló lè di ẹrù bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó bá fi páásíwọ́ọ̀dù Míìsì Leah wọlé. Èmi náà lè ṣe é, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyàwó mi ní Ìlọrin ni mo wà lọ́jọ́ yẹn, à ń sọ ọmọ wa lórúkọ. Ẹ bi gbogbo àdúgbò, wọ́n ti jẹ ẹran ìkómọ."

"Kí Ọlọ́run fi alùbáríkà sí i. Ọmọ á dàgbà," Salamot wí. Ó yíjú sí Prosper. "O gbọ́ ohun tó sọ? Ẹni tó ń bínú, ṣé ó máa ń di ẹrù kó tó ti iná bọ ilé?"

"Rárá, mà. Olè ló ń di ẹrù."

"Olè ló kó o lọ lọ́jọ́ ọjà. Ó tún padà wá ní òpin ọ̀sẹ̀, ó ti iná bọ̀ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ohun tó kó."

"Ṣùgbọ́n, mà, wọ́n ṣì lè ní Míìsì ló kó o."

"Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi tíì mú ẹnikẹ́ni."

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n tún lọ fìdí ọ̀rọ̀ Keziah múlẹ̀ ní Ìlọ́fà, bí wọ́n sì ṣe ń bọ̀, wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta ńlá kan tó tẹ́jú. Àwọn obìnrin ti sá ẹ̀gẹ́ kún orí rẹ̀, ó funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀. Salamot lu ọlọ́kadà léjìká pé kó dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ bá obìnrin kan tó ń yí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ padà nínú oòrùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ́mì. Láfún ni?"

"Láfún ni, ọmọ mi."

"Bó bá gbẹ tán, kí ló kàn?"

Obìnrin náà wò ó bíi pé ó ń ṣàwàdà. "A ó gún un, a ó sì jọ̀ ọ́. Ṣé wọn kì í jẹ láfún nílé yín ni?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Mọ́ńdè, Ìnsípẹ́kítọ̀ Salamot rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dùn-ún wò.

Lọ́jọ́ Fúráìdè, gbọ̀ngàn ilé ìwé kún. Ọ̀gá ẹ̀kọ́ láti Ararọ̀mí-Ọ̀pin jókòó níwájú, Alàgbà Adégbóyèga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Leah wà lẹ́yìn pátápátá, Prosper àti Waliyullah dúró tì í. Àwọn òbí ń gbé ojú kúrò lára rẹ̀ bí ẹni tó ní àrùn. Ìbítóyè ti so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un bó ṣe ń fi sáà kọ̀ọ̀kan hàn wọ́n. Keziah pàápàá pàtẹ́wọ́.

Salamot dìde.

"Ẹ jọ̀wọ́, mo ní ìbéèrè. Ọ̀gbẹ́ni Ìbítóyè, ẹ̀yin lẹ kọ gbogbo èyí?"

"Pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, mà."

"Ẹ̀yin náà lẹ tò ó?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé tí ẹ̀kọ́ ìṣirò, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, fi tẹ̀lé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì nípa bí omi ṣe ń gbẹ?"

"Bí ìlànà ìjọba ṣe tò ó nìyẹn."

Alàgbà Adégbóyèga gbé orí sókè. Ọdún pípẹ́ ló fi kọ́ni ní ìṣirò kó tó di ọ̀gá. "Rárá o," ó wí, ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà yọ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Kò sí irú ìlànà bẹ́ẹ̀."

"Mo... mo pa wọ́n pọ̀ kó má bàa sú àwọn ọmọ ni," Ìbítóyè wí kíákíá.

"Ó dáa. Ẹ̀kọ́ nípa ọ̀pá tí a fi ń gbé ẹrù wúwo, ìbí irúgbìn láti ara ègé ló tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà igun mẹ́ta. Kí ló dé?"

"Mà, àwọn nǹkan wọ̀nyí, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni. Ẹni tí kì í bá ṣe olùkọ́..."

"Olùkọ́ kan wà níbí. Míìsì Leah, ẹ dìde. Ẹ má wo ògiri. Ẹ kọjú sí mi. Bí wọ́n bá fi ọ̀pá, irúgbìn àti igun mẹ́ta tẹ̀ léra, kí ni ìdí?"

Leah dìde. Gbogbo orí yí sí i.

"Ebè ni, mà," ó wí. "Ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè, ọ̀pá agbéwúwo ni, inú oko ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ ọ. Lẹ́yìn ebè, a ó gé iṣu èbù, irúgbìn láti ara ègé nìyẹn. Lẹ́yìn èyí a ó fi igi gbé okùn iṣu sókè, igi méjì àti ilẹ̀ máa di igun mẹ́ta. Oko ni wọ́n máa ń wà láwọn oṣù yẹn. Mo ní bí wọn ò bá lè wá bá ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ á lọ bá wọn lẹ́nu iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn. Bí ọdún ṣe ń tò ni mo ṣe to Àká."

Bàbá kan sọ níwájú pé, "Òótọ́ ni. Ọmọ mi fi igi iṣu wọn igun fún mi lọ́dún yẹn."

"Ọ̀rọ̀ yẹn, ó ti gbọ́ ọ nílé ìwé ni!" Ìbítóyè pariwo. "Ẹnikẹ́ni lè to nǹkan báyìí!"

"Ẹ jókòó, mi ò tíì parí. Ẹ ṣí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sójú ògiri. Kọ́púrà, bá mi ka ìlà kẹta, kí gbogbo èèyàn gbọ́."

Prosper rìn síwájú. Ó wúkọ́.

"'Nígbà tí omi yín bá ti gbẹ dáadáa lórí tábìlì, ẹ kó o kúrò nílẹ̀, kí ẹ gún un, kí ẹ jọ̀ ọ́, kí ẹ sì wọn èyí tó kù.'"

Obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gbẹ́ni Ìbítóyè," Salamot wí, "báwo la ṣe ń gún omi?"

Ẹ̀rín náà tàn ká gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi yí padà. Ìbínú ló gba ipò rẹ̀. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn mọ ohun tí wọ́n máa ń sá, tí wọ́n máa ń gún, tí wọ́n sì máa ń jọ̀. Keziah dìde dúró.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé," Salamot wí. "Míìsì Leah kọ ẹ̀kọ́ kan nípa láfún tí a sá sórí àpáta. Oòrùn fa omi inú ẹ̀gẹ́ lọ, sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Àwọn ọmọ wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó sá a, wọ́n tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó gbẹ, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló bá oòrùn lọ? Ìṣirò nìyẹn. Ẹ̀kọ́ méjèèjì so mọ́ra, ìkejì ò dá dúró láìsí ìkíní. Ọkùnrin yìí kó gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà Ìlọ́fà, nígbà tí àwọn ìyá yìí dúró nínú oòrùn tí kẹ̀kẹ́ ń yí lójú fóònù wọn. Ó fẹ́ kó bá gbogbo ìpínlẹ̀ mu, kí àmì Òsì àti ti Ọ̀pin má sí lára rẹ̀ mọ́. Ó ní kí kọ̀ǹpútà fi tábìlì rọ́pò àpáta níbi gbogbo, kó fi omi rọ́pò láfún níbi gbogbo. Kọ̀ǹpútà kì í bi èèyàn bóyá ohun tó ní kó ṣe bọ́gbọ́n mu. Ó ṣe é. Ọkùnrin yìí ò sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, nítorí kò mọ ìdí tí ẹ̀kọ́ kan fi tẹ̀lé òmíràn. Lẹ́yìn èyí ló wá fi páásíwọ́ọ̀dù Leah pa ti Leah rẹ́, kó má bàa sí ohun tí a máa fi wé tirẹ̀. Ó mọ̀ pé Leah ti sọ̀rọ̀ ìbínú nínú ìpàdé. Ó mọ̀ pé ẹ máa gbà á gbọ́. Ẹ sì gbà á gbọ́."

"Irọ́ ni! Kò sí ẹ̀rí kankan!"

"Waliyullah, wá ìdì náà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀."

Ìbítóyè fò mọ́ kọ̀ǹpútà náà, Prosper sì fa apá rẹ̀ sẹ́yìn. Waliyullah jókòó, ó wá sí ìhín, ó wá sí ọ̀hún, ó tẹ ibì kan. Ohùn obìnrin kan sì jáde láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbọ̀ngàn, ó ń sọ èdè Ọ̀pin, ó rọra ń sọ ọ́ bí ẹni tó jókòó ti ọmọ lóko: ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ gbé ẹ̀gẹ́ yín sórí ìwọ̀n, ẹ má tíì sá a.

Ohùn Leah ni. Leah fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" Ìbítóyè kígbe, gbogbo dídán ti kúrò lára ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ láfún àti ebè! Ta ló máa fi ìyẹn gbé ilé ìwé ga? Èmi ni mo sọ ọ́ di nǹkan gidi!"

"Gbé e, Kọ́púrà," Salamot wí.

Alàgbà Adégbóyèga tẹ̀lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. "Ìnsípẹ́kítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ wa náà ni. Ẹ jẹ́ ká pe Leah, ká parí rẹ̀ láàárín ara wa. Leah, wá bá wa sọ̀rọ̀, jàre. Ìwọ náà, bá wa dá sí i."

Leah ti dé ẹ̀gbẹ́ wọn. "Rárá, sà."

"Leah..."

"Mo ní rárá. Nígbà tí ẹ rò pé èmi ni, ẹ ò rántí pé ọmọ yín ni mí. Ọlọ́pàá lẹ pè. Kí ọlọ́pàá máa bá iṣẹ́ wọn lọ."

Salamot ní kí wọ́n gbé Ìbítóyè sórí ọ̀kadà. Ọ̀kadà gbéra.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Waliyullah da ìdì náà padà sórí ìkànnì. Leah jókòó nìkan nínú yàrá kọ̀ǹpútà, ó ń yẹ Àká wò láti ẹ̀kọ́ sí ẹ̀kọ́. Páásíwọ́ọ̀dù tuntun ló kọ́kọ́ ṣe, kò sì fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ láfún ló wà lókè, nítorí àsìkò rẹ̀ ò tíì kọjá.

Keziah dúró lẹ́nu ọ̀nà, fóònù lọ́wọ́.

"Míìsì," ó wí. "Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ Mọ́ńdè... ẹ dárí jì mí. Mo kúnlẹ̀."

Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́. Leah ò yíjú padà lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ dìde, Yèyé Fikáyọ̀. Mi ò lè ṣe é lónìí. Inú ń bí mi sí yín gan-an. Ẹ padà wá nígbà mìíràn, bóyá n ó lè ṣe é."

Keziah dìde, ó yí padà láti lọ.

"Ẹ gbé fóònù yẹn wá," Leah wí.

Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìwò ó lójú, ó fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó kó ẹ̀kọ́ láfún sí i, ó kó ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tẹ̀lé e, bó ṣe yẹ kí wọ́n tò. Ó dúró títí ó fi wọlé tán, kó tó yọ wáyà náà.